Àwọn Àlejò Orí Ìkànnì Àáfà Sàlmàn

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá ti kírun Mọ̀gàríbì tán ní Krofrom, ní ìlú Kumasi, Àáfà Sàlmàn a gbé àga rẹ̀ sí àgbàlá, a na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí, a sì máa wo ẹnu ọ̀nà. Bọ́dúnrìn ni ó ń retí. Bọ́dúnrìn á ti ibi iṣẹ́ dé láti Asafo, á sọ báàgì kalẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, á ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá." Àáfà kì í tíì jẹ́ ẹ tán tí á fi béèrè.

"Àwọn mélòó ló wá lónìí?"

"Wọ́n lé ní ọ̀kẹ́ kan, Bàbá."

"Ọ̀kẹ́ kan!" Àáfà á fi ọwọ́ gbá itan. "Alihamudu lilahi. Wọ́n ní Yorùbá ti tán ní Kumasi. Ẹ ò rí nǹkan!"

Ẹ má rò pé ọ̀kẹ́ kan ènìyàn ló ń tú wọ àgbàlá tó jẹ́ pé àgùntàn mẹ́ta ló kún inú rẹ̀. Orí ayélujára ni wọ́n ń wá. Bọ́dúnrìn ló ṣe ìkànnì kan fún bàbá, ó kó gbogbo ẹ̀kọ́ tí bàbá ti ṣe nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì já gaara síbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ kàn tẹ̀ ẹ́ kó sì máa gbọ́. Òǹkà kan wà nísàlẹ̀ ìkànnì náà tó ń ka gbogbo ẹni tó bá wọlé lójúmọ́. Iye tí òǹkà yìí bá mú wá ni Bọ́dúnrìn ń gbé wá jíṣẹ́ nírọ̀lẹ́, òun náà sì ni Àáfà fi ń sùn.

Ìgbà kan wà tí wọ́n ń ti ara wọn nítorí àtirí ibi jókòó lọ́dọ̀ Àáfà Sàlmàn. Ọmọ Ìlọrin ni, ilé kéwú rẹ̀ sì kún débi pé orí àtẹ̀gùn ni àwọn tó bá pẹ́ dé ń jókòó sí. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ burúkú kan dé, tó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ há títí dòní. Ìyàwó rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Kumasi, Yorùbá ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Twi ni wọ́n á fi parí rẹ̀, mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti ń fi Twi àti Haúsá ṣe wáàsí ni wọ́n sì ń lọ báyìí. Màrwà, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù sílé, ń ta ìborùn ní ọjà Kejetia. Ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ń wọlé bí ẹni tí wọ́n lù.

Bọ́dúnrìn ní tirẹ̀ kì í ṣe ọmọ Ìlọrin, kì í sì í ṣe mùsùlùmí. Ìgbómìnà ni, láti Òró. Yàrá kan ló gbà lọ́wọ́ Àáfà nígbà tí iṣẹ́ gbé e dé Kumasi. Níbi iṣẹ́, Twi ni àwọn yòókù ń sọ. Ó gbọ́ ọ débi tí ó fi ń mọ̀ pé wọ́n ń dápàárá, kò gbọ́ ọ débi tí ó fi lè bá wọn rẹ́rìn-ín lásìkò. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á kọ orin tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, á padà sílé. Àwọn ará Òró ń pè é bí ọdún bá dé. A ò ní fi epo bọyọ̀: ọkùnrin náà dá wà, ó sì ń dùn ún. Àsìkò díẹ̀ tó ń lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Àáfà nìkan ni ẹnu rẹ̀ fi ń sọ èdè rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Bí òǹkà bá ti lọ sókè, inú bàbá á dùn, á ní kó jókòó, ọ̀rọ̀ á sì gùn dé orí Ìlọrin àti Òró àti ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà bíi tirẹ̀ ìbá ti fura sí ọ̀kẹ́ kan ènìyàn tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bá dùn mọ́ni, a kì í yẹ ìdí rẹ̀ wò.

Kwadwo ló ni ilé-iṣẹ́ tí Bọ́dúnrìn ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà alágbára kan tí wọ́n ń pè ní sáfà, inú rẹ̀ ni ìkànnì gbogbo àwọn oníbàárà wọn ń gbé: ti òtẹ́ẹ̀lì, ti ilé ìkọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ti àwọn onípákó. Ìkànnì Àáfà wà láàárín wọn, Kwadwo kò gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, sáfà náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ènìyàn bá ṣí ìkànnì òtẹ́ẹ̀lì, á lọ wẹ̀, á padà dé, kò tíì ṣí. Àwọn oníbàárà wá sọ fóònù ilé-iṣẹ́ di agogo.

Kwadwo wo ibi tí wàhálà náà ti ń wá, ó pe Bọ́dúnrìn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Chale, ọ̀rẹ́ mi, ìkànnì bàbá ẹ ni o. Iṣẹ́ tí òun nìkan ń fún sáfà yìí ṣe ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo fẹ́ràn bàbá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sanwó ń bú mi. Wá nǹkan ṣe sí i kó tó di Friday. Bí kò bá ṣeé ṣe, màá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Ẹ wá wo Bọ́dúnrìn, dípò kí ẹ̀rù bà á, orí rẹ̀ ló wú. "Èrò ló pọ̀," ni ó wí. "Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀kọ́ bàbá."

"Ṣé o ti wo ohun tí wọ́n ń gbọ́?" ni Kwadwo bi í.

Kò tíì wò ó. Sáfà a máa ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, àti ohun tó wá béèrè. Bọ́dúnrìn ṣí i, ó ń wá orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ẹ̀kọ́ lórí sùúrù, ẹ̀kọ́ lórí àlejò ṣíṣe, ẹ̀kọ́ lórí ìyá. Kò rí ọ̀kankan. Ìbéèrè kan náà ló kún ibẹ̀ látòkè délẹ̀: níbo ni àpótí ímeèlì wà, níbo ni mo ti lè gba lẹ́tà? Ènìyàn kọ́ ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Fóònù ni, àti kọ̀ǹpútà díẹ̀. Bí ènìyàn bá fi àdírẹ́sì ímeèlì sínú fóònù rẹ̀, fóònù náà á máa dá lọ kan ilẹ̀kùn ìkànnì tó ni àdírẹ́sì yẹn, olówó rẹ̀ kò ní mọ̀, á ní kí wọ́n júwe ibi tí lẹ́tà wà fún òun. Bí wọn kò bá júwe rẹ̀, á lọ, á tún padà wá. Ọ̀rọ̀ kì í sú fóònù.

Nígbà tí Bọ́dúnrìn mọ ibi tí wọ́n ti wá, ó kó ọwọ́ lé orí. Òun gan-an ló fà á. Nígbà àrùn kòrónà, tí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí àti ilé kéwú pa, òun ló dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ ilé kéwú Àáfà, kí ẹ̀kọ́ lè máa bá wọn nílé. Wọ́n tò sí àgbàlá pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu, ó gba fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣe é sí i fún wọn. Àrùn kọjá, kò sẹ́ni tó ka ímeèlì náà mọ́, ó sì ti àwọn àpótí náà pa kí àyè lè wà fún nǹkan mìíràn. Kò rántí pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún àwọn fóònù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbàgbé ilé kéwú, òmíràn ti kó lọ sí Accra, òmíràn ti di ìyá ọmọ. Fóònù wọn ṣì ń béèrè.

Bí sáfà ṣe ń dá wọn lóhùn ló tún wá burú. Bí fóònù kan bá ti béèrè ohun tí kò sí, sáfà á jí gbogbo ìkànnì náà dìde. Á tú inú àká wò, á wá aṣọ wọ̀, á gbé àwòrán Àáfà sókè pẹ̀lú láwàní funfun, á kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ẹ káàbọ̀ o, ohun tí ẹ ń wá kò sí níbí." Fóònù tí kò lójú tí yóò fi wo láwàní á da gbogbo rẹ̀ nù, á sì padà wá béèrè. Òǹkà tó wà nísàlẹ̀ á kà á mọ́ àlejò. Bí sáfà ṣe ń jí, tó ń wọṣọ, tó ń kí fóònù káàbọ̀ nìyẹn, láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, títí èémí fi fẹ́ẹ̀ tán nínú rẹ̀.

Bọ́dúnrìn yọ gbogbo ìbéèrè ímeèlì náà kúrò, ó ní kí òun wo iye àlejò tó kù. Ìka ọwọ́ kan tó kà wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, nítorí ó máa ń ṣí i láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó kù jẹ́ ẹ̀rọ tó ń káàkiri ayé tó ń wo ohun tó wà lórí ìkànnì gbogbo. Ó wá ẹni tó tẹ ẹ̀kọ́ kan láti gbọ́. Ó wo ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wo oṣù tó kọjá, ó wo èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kò sí. Ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó wọlé tó rí i pé wọ́n ti kó gbogbo ẹrù lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àáfà ti wà lórí àga.

"Àwọn mélòó ló wá?"

"Ọ̀kẹ́ kan lé díẹ̀, Bàbá," ni Bọ́dúnrìn wí. Àná, ẹni tí kò mọ̀ ni. Lónìí, ó purọ́. Àáfà gbá itan, ó ní kó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan nípa ọjà Ẹmírì ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n Bọ́dúnrìn kò gbọ́ ju ìdajì lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ó kọ́kọ́ fi ìbínú ṣe é. Ó ní kí sáfà má tilẹ̀ dá ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ímeèlì lóhùn rárá, kó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú, kó dákẹ́. Ó rò pé wọ́n á sú lọ. Àwọn fóònù kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń retí ìdáhùn, wọ́n tún kàn án, wọ́n tún dúró. Ẹnu ọ̀nà dí pátápátá. Nígbà tó fi di ọ̀sán, àwọn oníbàárà òtẹ́ẹ̀lì kò lè wọlé mọ́ rárá. Kwadwo kò pariwo. Ó kàn wò ó, ó ní, "Ọ̀la ni Friday o."

Ó dé Krofrom, ó gba ẹ̀yìn ilé wọ yàrá rẹ̀ kí Àáfà má baà rí i. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìbọ́ bàtà.

Ní Kumasi, bí ó ti rí nílé tiwa náà, a kì í já wọlé onílé. Àlejò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Agoo!" Onílé á ní, "Amee!" Bí onílé kò bá tilẹ̀ fẹ́ àlejò, á kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ná, kó tó sọ pé òun kò gbàlejò. Ẹni tó bá gbọ́ agò tó dákẹ́, àgbàlá á sọ̀rọ̀ rẹ̀ kárí. Bọ́dúnrìn gbọ́ tí Màrwà ń pe "Agoo!" lẹ́nu ọ̀nà. Kò wù ú kí ẹnikẹ́ni rí ojú rẹ̀, ó sì ṣe bí ẹni tí kò sí nílé. "Agoo!" Ó dákẹ́. "Agoo! Agoo!" Obìnrin ilé kejì yọjú láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí kò ṣeé fara mọ́ mọ́, ó ṣílẹ̀kùn. Màrwà gbé abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́, ó ti fa ojú ro.

"Brọ̀dá Bọ́dúnrìn, adɛn nti na wommua me? Mo ń pè, mo ń pè, ẹ ò dáhùn! Iná ń tàn lábẹ́ ilẹ̀kùn yín, kí ni kí n ṣe, ṣé kí n máa lọ? Bí ẹ ò bá fẹ́ jẹun, ẹ ṣáà sọ pé ẹ ò jẹ. Ṣebí màá gbé e padà ni."

"Ẹ má bínú," ni ó wí. Ó gba abọ́ náà, ó dúró síbẹ̀. Màrwà ti lọ tipẹ́, kò tíì ti ilẹ̀kùn. Ìṣe tí a fi kọ́ ọmọdé ni òun ṣe ségesège níbi iṣẹ́: òun kò fẹ́ àlejò, òun kò sì sọ fún un. Àwọn fóònù yẹn ti ké agò láti ìgbà kòrónà, kò sí ẹni tó tíì sọ fún wọn rí pé kò sí nǹkan wọn níbí mọ́.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀ọ̀, ó kọ ìdáhùn kan tí kò ju ìlà kan lọ, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà sáfà gan-an. Kò sí láwàní nínú rẹ̀, kò sí ẹ káàbọ̀. Ó sọ fún fóònù tó bá béèrè pé ímeèlì kò sí níbí mọ́, kò tún ní sí láéláé, kí ó má padà wá. Sáfà kò ní láti jí ìkànnì dìde kó tó fún un. Ó yọ ọwọ́ òǹkà náà kúrò lára wọn. Fóònù ń dé, ó ń gba ìdáhùn rẹ̀, ó ń lọ. Àwọn kan ṣì padà, àwọn olórí kunkun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà mọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, sáfà ti ń mí bí ọmọ tí ibà fi sílẹ̀. Kwadwo ra abọ́ wààkyé ńlá kan, ìrẹsì àti ẹ̀wà aláta, fún un, ó gbá a léjìká, ó ní, "Bàbá ò lọ síbì kankan mọ́."

Òǹkà tó wà nísàlẹ̀ ìkànnì náà wà ní òdo.

Bọ́dúnrìn fẹsẹ̀ rìn láti Asafo lọ sílé lọ́jọ́ náà kí ọ̀nà lè gùn. Ó lè máa purọ́ nìṣó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àáfà kì í wo kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń purọ́, ẹni tó ń jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kì í ṣe òun mọ́, ọ̀kẹ́ kan òfo ni. Bí ó bá sì sọ òótọ́, kí ni bàbá tún fẹ́ fi òun ṣe? Òǹkà ni ó ń mú òun wá síbi àga yẹn. Láìsí òǹkà, ayálégbé lásán ni òun, kiriyó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà á, irú ẹ̀rù tí àgbàlagbà ọkùnrin kì í fẹ́ jẹ́wọ́.

"Àwọn mélòó ló wá?"

Bọ́dúnrìn kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, bí òun ṣe fi ímeèlì sínú fóònù wọn, bí fóònù ṣe ń dá wá béèrè, bí òun ṣe ń ka fóònù mọ́ ènìyàn. Ó sọ ti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ tí òun tún purọ́. Àáfà kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Fóònù àwọn ta ni?" ni ó bi í nígbà tó parí.

"Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ni, Bàbá."

"Ti Lúkmàn wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Zàhràh ńkọ́, ọmọ tó máa ń sùn lọ lẹ́nu ẹ̀kọ́?"

"Tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ń wá léraléra."

"Fóònù rẹ̀ ló ń wá." Àáfà na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. "Àwọn gan-an kò mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀, Bàbá."

Àáfà dìde pẹ̀lú ìnira. Ó ti fẹ́ wọlé kó tó yíjú padà. "Ìwọ tí ò ń ka àwọn olùgbọ́ fún mi látọjọ́ yìí, èwo nínú ẹ̀kọ́ náà ni ìwọ ti gbọ́ rí?"

Bọ́dúnrìn ka orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ náà lọ́kàn. Kò tíì gbọ́ ọ̀kankan. Ó ti kó wọn jọ, ó ti tò wọ́n, ó ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kò sì gbọ́ ọ̀kankan rí. Ojú tì í ju ti irọ́ tó pa lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ògiri ni wọ́n gbé àga náà tì. Màrwà ló jáde wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni," ni ó wí. "Ɔse wabrɛ. Ó ní ó ti rẹ òun. Kí lẹ ṣe fún un, Brọ̀dá?"

"Mo sọ òótọ́ fún un."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Màrwà wí, ó sì wọlé.

Ilé náà dákẹ́ mọ́ ọn lórí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó dùbúlẹ̀, ó ki ẹ̀rọ sí etí, ó tẹ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà, èyí tọ́wọ́ rẹ̀ kàn.

Kò kọ́kọ́ mọ ohùn náà. Ohùn ọkùnrin tí ara rẹ̀ le ni, tó ń ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń bú ẹni tó bá sùn. Òjò ń lu páànù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ wọn, obìnrin kan sì ń bi wọ́n láti ìta pé ta ló gbé bàtà òun. Bọ́dúnrìn mọ̀ pé ìyàwó Àáfà nìyẹn. Àáfà sọ̀rọ̀ lórí sùúrù, ó wá bọ́ sínú ìtàn ọkùnrin oníṣòwò obì kan láyé àtijọ́, tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìlọrin wá sí ilẹ̀ Gánà, tí ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tó dé etí odò ní Yeji. Ahéré ọlọ́kọ̀ ojú omi wà ní òdìkejì, èéfín ń jáde níbẹ̀. Oníṣòwò pè é. Kò dáhùn. Ó pè é títí ohùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pin lọ́rùn rẹ̀, ó ń ronú ìkookò, ó ń bú ọlọ́kọ̀ náà àti ìdílé rẹ̀. Nígbà tó yá ni ọlọ́kọ̀ wá tu ọkọ̀ kọjá wá, bàbá arúgbó kan. Oníṣòwò ní, ṣé o kò gbọ́ mi ni? Ọlọ́kọ̀ ní, mo gbọ́ ọ. Oníṣòwò ní, láti ìgbà wo? Ọlọ́kọ̀ ní, láti ìpè àkọ́kọ́. Oníṣòwò ní, kí ló wá dé tí o fi jẹ́ kí n máa pariwo? "Ẹ mọ ohun tí ọlọ́kọ̀ náà wí?" ni Àáfà bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohùn náà já.

Bọ́dúnrìn dìde jókòó. Ó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ó wá rántí. Òun ló gba ohùn náà sílẹ̀. Ẹ̀yìn àgbàlá ló jókòó sí lọ́jọ́ òjò yẹn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn, batiri sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n parí ìtàn náà. Kò gbọ́ ọ.

Kò dúró di ìrọ̀lẹ́. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà Àáfà.

"Bàbá, mo ní ìbéèrè."

"Ti owó iná ni àbí ti owó omi?" ni Àáfà dáhùn láti inú ilé, ohùn rẹ̀ kò ju ìfẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lọ.

"Ti ọlọ́kọ̀ Yeji ni. Kí ló wí?"

Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó mì nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀, Àáfà sì yọ sẹ́nu ọ̀nà láìdé fìlà.

"Ó wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Mo sọ ọ́ níbẹ̀."

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá. Ó já. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á sílẹ̀ ló ti já."

"Láti ṣáájú kòrónà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò sì sẹ́ni tó wá béèrè." Àáfà fara ti ilẹ̀kùn. "Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ rí."

"Mo dé ibẹ̀," ni Bọ́dúnrìn wí.

Àáfà na ọ̀pá sí àga tó wà lára ògiri, Bọ́dúnrìn sáré gbé e wá. Nígbà tó jókòó tán, ó ní, "Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìparí. Ilé kéwú nìyí. Ìwọ ni kí o kà á fún mi, màá gbà á lẹ́nu rẹ."

Bọ́dúnrìn jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀ bí ọmọ kékeré, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní oníṣòwò náà gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. "Ta ló sọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún ẹ? Ẹsẹ̀ ló fi rìn." Ó ní ilẹ̀ ti ṣú. "Kò tíì ṣú, ó ń ṣú bọ̀." Ó ka ti èéfín, ó ka ti ìkookò, ó ka èébú náà, Àáfà sì rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí ikọ́ fi gbà á. Ó ka ti bàbá arúgbó tó tu ọkọ̀ kọjá. Mo gbọ́ ọ. Láti ìgbà wo? Láti ìpè àkọ́kọ́.

"Kí ló wá dé tí o fi jẹ́ kí n máa pariwo?" ni Bọ́dúnrìn wí, ó sì dúró, nítorí ibẹ̀ ni tirẹ̀ parí sí.

Àáfà tẹ̀ síwájú kí ohùn rẹ̀ tó há lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ọlọ́kọ̀ náà ní, 'Má bínú sí mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí ni. Mo ní kí n jẹ́ kí o pè mí díẹ̀ sí i.'"

Bọ́dúnrìn tẹrí ba, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹní. Àáfà fi ọ̀pá kàn án léjìká wẹ́rẹ́, ó ní kó jókòó dáadáa, ìtàn náà kò tíì tán.